Kí Ló Dé Tí Hakeem Kò Fò?

Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Àríyànjiyàn lórí bí ikọ̀ Yunifásítì Houston ṣe pàdánù àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sọ́wọ́ Florida, 65 sí 63, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ló bí i. Kálukú wa ń tọ́ka sí ẹni tó rò pé ó jẹ̀bi, ohùn sì ti ń ga díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ti ń gbé ní Houston kí wọ́n tó bí mi dá sí i. Wọ́n ní, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọmọ tiwa ni mo fẹ́ bi yín. Ní 1983, kí ló dé tí Hakeem kò fò?”

Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Àwa tí a ń pariwo lórí Florida kò mọ ohun tí a ó sọ mọ́, nítorí pé bí a bá ní ẹni tí eré parí sí lọ́wọ́ ló jẹ̀bi ní 2025, a ó gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nípa Hakeem Olajuwon náà, ẹnu wa kò sì gbà á. N kò ní í máa sọ ẹni tí Olajuwon jẹ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ọmọ Èkó tó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Houston yìí kan náà ni, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ wò ni alẹ́ kan ṣoṣo nínú ayé rẹ̀, àti ohun tí àwa òǹwòran ti fi alẹ́ náà ṣe láti ìgbà náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ irin

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1983 ni wọ́n gbá àṣekágbá ọdún yẹn, ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní The Pit nílùú Albuquerque. Houston ti borí nínú ìdíje 26 léra wọn kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n na Louisville 94 sí 81, wọ́n ń fò, wọ́n ń rì bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n, débi pé àwọn ènìyàn ní ẹni tó bá borí níbẹ̀ ló ti gba ife. North Carolina State tí wọ́n fẹ́ bá pàdé ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní sáà náà. Kò sí ẹni tó fi wọ́n pe nǹkan kan.

Mo ti wo fídíò ìparí ìdíje yẹn títí tí mo fi lè sọ ọ́ lójú oorun. Àmì jẹ́ 52 sí 52. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ NC State, wọ́n sì ń jẹ́ kí aago máa lọ kí wọ́n lè jù ú kẹ́yìn. Houston yí bí wọ́n ṣe ń dènà padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ẹni tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ara àwọn ọmọ NC State kò sì balẹ̀ mọ́. Thurl Bailey ju bọ́ọ̀lù padà sí Dereck Whittenburg lókèèrè, Benny Anders ti Houston sì na ọwọ́ sí i lójú ọ̀nà. Ọwọ́ Anders fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ ni, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti àwọ̀n kejì, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló sì kù. Whittenburg fi ọwọ́ méjèèjì já bọ́ọ̀lù náà gbà, ó yíjú, ó sì sọ ọ́ láti ibi tó tó mítà mẹ́sàn-án sí àwọ̀n, bí ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn mọ́.

Bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi irin tó yí ẹnu àwọ̀n ká. Nísàlẹ̀ àwọ̀n, Olajuwon gbé ojú sókè, ó ń wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Lorenzo Charles ti NC State wà nítòsí rẹ̀, òun kò sì wo bọ́ọ̀lù náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fò, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un lójú òfuurufú, ó sì rì í bọ inú àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. 54 sí 52. Kí Houston tó lè mú bọ́ọ̀lù wọ pápá padà, aago ti tán. Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá NC State, ń sáré káàkiri pápá, ó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́. Fídíò yẹn ni gbogbo ayé mọ̀. (Whittenburg fúnra rẹ̀ ti ń tẹnu mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun fi bọ́ọ̀lù náà ránṣẹ́ sí Charles ni. Ẹ jẹ́ ká máa rẹ́rìn-ín.)

Nítorí náà, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n wa tọ̀nà. Olajuwon ló ga jù níbẹ̀, òun ló ń fò jù, ìdènà bọ́ọ̀lù sì ni iṣẹ́ tó fi lókìkí. Kí ló dé tí kò fò?

Òfin wà níbẹ̀

Ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mọ̀ pé tí bọ́ọ̀lù bá ti ga dé òkè tó sì ti ń bọ̀ nílẹ̀ sí irin àwọ̀n, tí ó sì ṣeé ṣe kó wọlé, ẹni tó ń dènà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá fọwọ́ kàn án, rẹfirí yóò ka àmì fún ẹni tó jù ú gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó wọlé. Olajuwon ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun rí i pé bọ́ọ̀lù náà kò ní í dé, ṣùgbọ́n pé òun kò fẹ́ tètè fọwọ́ kàn án kí òfin yẹn má baà mú òun. Ó dúró díẹ̀, kí ó lè dá a lójú. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni Charles rí lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yí padà lójú mi nìyí. Ní 1983, kò sí ohun tó ń jẹ́ àmì mẹ́ta fún bọ́ọ̀lù tí a jù láti ọ̀nà jíjìn nínú ìdíje yìí. 1986 sí 1987 ni sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó káàkiri yunifásítì. Nítorí náà, ká ní Olajuwon fò, tí ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, tí rẹfirí sì rò pé ó ṣeé ṣe kó wọlé, àmì méjì ni wọn yóò fún NC State. 54 sí 52 náà ni ì bá jẹ́. Àwa òǹwòran ì bá sì máa béèrè dòní olónìí pé kí ló dé tí Hakeem fò.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n dáhùn pé, “Bọ́ọ̀lù tí kò dé irin, rẹfirí wo ni yóò fúnni ní àmì lórí rẹ̀?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwa tí a ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, tí a sì lè dá fídíò dúró, rí i kedere pé bọ́ọ̀lù náà kúrú. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó gbé orí sókè, tí kò rí i láti ẹ̀gbẹ́, tó sì ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá láti fi dá ẹjọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. N kò sọ pé Olajuwon kò ṣe àṣìṣe. Mo gbà pé ó yẹ kó ti fi ara dí Charles, kó má jẹ́ kó ráyè fò. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdí tó fi lọ́ra ní láárí, ẹni tó mọ òfin eré dunjú ni òfin lè dá dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, kò sì tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí, nítorí pé bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù ló kọ́kọ́ mọ̀ ní Èkó.

Bí àgbà bá ṣubú

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àríyànjiyàn àwa olólùfẹ́ eré ìdárayá kì í sábà wo ẹ̀yìn. Ibi tí ojú wa bá gbẹ́yìn sí ni a máa ń pè ní ìdí ọ̀rọ̀. Tí a bá fẹ́ wo ẹ̀yìn nínú ìdíje Albuquerque, ohun púpọ̀ wà níbẹ̀ tó ju ìfò kan lọ.

Àkọ́kọ́ ni ti Clyde Drexler, agbábọ́ọ̀lù Houston. Ó ti jẹ fáọ̀lù mẹ́rin kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, márùn-ún ló sì ń lé ènìyàn kúrò lórí pápá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Guy Lewis fi í sílẹ̀ nínú eré lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ìyẹn ló sì bí ẹ̀kẹrin. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, NC State ló ń ṣáájú, 33 sí 25. Láti ìgbà náà lọ, ìbẹ̀rù ni Drexler fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àmì mẹ́rin péré ló sì ní nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Houston já wọ inú eré bí ìjì. Àmì 17 ni wọ́n gbà sí méjì péré tí NC State gbà, ó di 42 sí 35. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sáré, wọ́n ń dènà, bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, Olajuwon ló ń mú un. Ìgbà tó di 52 sí 46, tí ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹni tó ń wò ó lóde òní láìmọ ìparí rẹ̀ yóò rò pé ó ti tán.

Lewis ti ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ fara balẹ̀ nígbà náà, kí wọ́n máa di bọ́ọ̀lù mú, kí wọ́n jẹ́ kí aago máa lọ. Òfin ìgbà yẹn gba irú rẹ̀ láyè, nítorí pé kò sí aago tó ń fi dandan mú ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n láàárín àkókò kan. Sáà 1985 sí 1986 ni òfin yẹn dé gbogbo yunifásítì. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikọ̀ tó ń sáré ni Houston, wọn kì í ṣe ikọ̀ tó ń dúró. Valvano ti rí ohun tó fẹ́. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fáọ̀lù sí àwọn Houston, kí wọ́n lè lọ dúró sí ìlà láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọwọ́ àwọn Houston kò dá ṣáṣá lórí ìlà yẹn. Nígbà tí àmì ti di ọgbọọgba, tí ó ku bí ìṣẹ́jú kan, Alvin Franklin ni wọ́n ṣe fáọ̀lù sí, ọmọ tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn. Irú bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tó dúró sí ìlà láti jù ni èyí tí èkejì kò sí àfi tí àkọ́kọ́ bá wọlé. Àkọ́kọ́ kò wọlé. NC State mú bọ́ọ̀lù, a sì mọ ìyókù.

Tí wọ́n bá ní kí n dájọ́, èmi yóò ní ìgbà tí Houston fi eré tiwọn sílẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù. Kì í ṣe ìgbà tí Charles fò. Mo sì mọ ìdí tí ẹjọ́ yìí kì í fi dùn ún gbọ́ létí olólùfẹ́. Ohun tí ikọ̀ kan kò ṣe mọ́ kì í hàn nínú fídíò. Ẹnikẹ́ni kò lè dá fídíò dúró kó tọ́ka sí sáré tí wọn kò sá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Olajuwon tí kò kúrò nílẹ̀, ojú rí i.

Ẹ̀gbọ́n kò gbà fún mi pátápátá, ó sì yẹ kí n sọ tẹnu wọn, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni. Wọ́n ní Albuquerque ga ju mítà 1,500 lọ sórí òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ti rẹ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn eré àsáàsátán tí wọ́n bá Louisville gbá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Wọ́n ní Drexler wà nínú ewu fáọ̀lù. “Ìwọ tí o jókòó sínú ilé, tí o ń mu omi tútù, ìwọ lo mọ̀ pé kí wọ́n máa sáré. Baba Lewis yẹn mọ ohun tó rí lójú àwọn ọmọ rẹ̀.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí léèrè Hakeem mọ́, ó ti rẹ òun náà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹnu mi ti mú jù.

San Antonio, ọdún 42 lẹ́yìn náà

Mo padà sí ìdíje 2025 pẹ̀lú ojú mìíràn. Ní San Antonio, Houston ló ń ṣáájú nígbà ìsinmi, 31 sí 28, wọ́n sì fi àmì 12 ṣáájú nínú ìdajì kejì. Walter Clayton ti Florida, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù, kò rí àmì kan ṣoṣo gbà ní ìdajì àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni Florida fi lé wọn bá. Nígbà tó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 46, Alijah Martin ti Florida ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì wọlé, ó di 64 sí 63. Houston lọ, bọ́ọ̀lù bọ́ kúrò lọ́wọ́ Emanuel Sharp, ó jáde kúrò lórí pápá. Florida fi àmì kan kún tiwọn. Houston tún lọ fún ìgbà ìkẹyìn.

Sharp ni bọ́ọ̀lù tún kàn. Ó gbéra láti jù ú láti ọ̀nà jíjìn, àmì mẹ́ta tí yóò gba ife. Clayton já dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ sókè. Sharp ti wà lójú òfuurufú, ó rí i pé wọn yóò dí i, ó sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó jábọ́. Nígbà tó balẹ̀, bọ́ọ̀lù ń ta níwájú rẹ̀, ó sì dúró tì í, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè kàn án, nítorí pé bí òun bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, rẹfirí yóò fi súfèrè mú un. Ó ń wò ó. Ẹlòmíràn nínú ikọ̀ rẹ̀ kò tètè dé. Alex Condon ti Florida wó lé bọ́ọ̀lù náà, aago sì tán.

Ọkùnrin kan ń wo bọ́ọ̀lù tó wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀, òfin sì wà láàárín òun àti bọ́ọ̀lù. Ẹ wo bí ó ṣe jọ ti Albuquerque tó! Ìbéèrè wa náà kò sì yí padà: kí ló dé tí kò jù ú? Kí ló dé tó fẹ́ jù láti ọ̀nà jíjìn nígbà tó jẹ́ pé àmì méjì péré ni Florida fi ń ṣáájú wọn? Ẹni tó bá ní kó sáré wọ inú fún àmì méjì gbàgbé pé àwọn Florida tó ga dúró níbẹ̀, àti pé ọgbọọgba nìkan ni ì bá mú wá. Ẹni tó ní kó jù ú gbàgbé ọwọ́ Clayton. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àmì 12 tó yọ́ dànù nígbà tí Sharp kò tíì di ẹni tí a ń wò, nítorí pé ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ikọ̀, a kò sì lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí gbogbo ikọ̀.

Ọmọ tiwa

Ó ku ohun kan tó kan àwa Yorùbá tààrà. Nígbà tí Olajuwon gba ife NBA, ìdíje àwọn tó ń fi eré yìí ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Houston Rockets ní 1994 àti 1995, ọmọ wa ni. Nígbà tí wọ́n bá mẹ́nu kan 1983, àwọn kan nínú wa máa ń sọ ohùn kalẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń bá ẹbí rẹ̀ ṣẹjọ́ ní kóòtù. Àwọn mìíràn ń jà fún un láìwo fídíò rárá. Ohun méjèèjì kò tọ́ lójú mi. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ń fi tòsì fà á mọ́ra. Kí a tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ gbà pé ọ̀rọ̀ ìbáwí wà níbẹ̀, kí a sì díwọ̀n rẹ̀ bó ṣe tọ́.

Àwọn kan sì ti díwọ̀n rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Olajuwon gba àmì 20, ó sì mú bọ́ọ̀lù 18 tó ta padà. Àwọn tó dìbò yan agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù nínú ìpele ìkẹyìn náà fi àmì ẹ̀yẹ lé e lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ rẹ̀ pàdánù. Ó lé ní ogójì ọdún tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì sí ọkùnrin mìíràn láti inú ikọ̀ tí kò gba ife tó tún rí àmì ẹ̀yẹ yẹn gbà. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn náà, tí gbogbo eré ṣojú wọn, rí i pé òun ló dára jù lọ lórí pápá. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwa tí a wo fídíò rí.

Guy Lewis náà, tó gba Elvin Hayes àti Don Chaney sí ikọ̀ náà ní 1964 nígbà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì apá gúúsù Amẹ́ríkà kò gba aláwọ̀ dúdú láyè, gba ẹ̀bi alẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló mú ikọ̀ rẹ̀ dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ọdún 2013 ni wọ́n tó gbé e wọ ilé àwọn olókìkí eré náà, ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ṣì ń dá a lẹ́bi lórí eré tó ní kí wọ́n rọra gbá. Èmi kò kàn fẹ́ kí ìyẹn jẹ́ gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀.

Drexler lọ sí NBA lẹ́yìn Albuquerque. Olajuwon kò lọ. Ó padà sí Houston fún sáà kan sí i, ó tún kó wọn dé àṣekágbá ní 1984 nílùú Seattle, Georgetown sì nà wọ́n 84 sí 75. Ìyẹn kò ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹnikẹ́ni lè máa jiyàn lé lórí, bóyá nítorí náà ni a kì í fi í dá a lẹ́jọ́. Emanuel Sharp náà pinnu pé òun yóò padà sí Houston fún ọdún ìkẹyìn òun. Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí Franklin kò jù wọlé yẹn, ìwọ kò tíì dá mi lóhùn lórí rẹ̀.”